Ìbòmú Tí Wọn Kò Fún Wa

Mẹ́rìnlá ni wá lọ́jọ́ tí a lọ wo ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ṣí nípa ilé-iṣẹ́ wa: àwa díẹ̀ tó kù nínú àwọn tó ń yọ́ òjé láti inú bátìrì ọkọ̀, àti àwọn opó àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tó ti kú. Màmá Télọ̀ ló ṣáájú. Ọkọ rẹ̀ ni ọ̀gá mi nídìí iná. Ọdún mọ́kànlá ni òjé fi jẹ ẹ́ lára kó tó kú.

Ọmọbìnrin tó ń mú wa kiri fi aṣọ iṣẹ́ wa hàn wá nínú àpótí onígíláàsì, ó fi ìwé àyẹ̀wò òjé inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ wa hàn wá. Ní yàrá kẹta, Màmá Télọ̀ dúró níwájú ìwé àlàyé kan lára ògiri, ó ní kí n kà á fún òun.

Mo kà á: "Ilé-iṣẹ́ pèsè ìbòmú, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ kọ̀ láti lò ó."

"Tún un kà."

Mo tún un kà.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" ó bi ọmọbìnrin náà.

"Inú ìwé tí ilé-iṣẹ́ fi sílẹ̀ la ti rí i, mà."

"Ọmọ mi, àkísà ni ọkọ mi ń dì mọ́ imú. Èmi ni mo ń gé e fún un nínú aṣọ tó bá ṣẹ́kù ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi, èmi ni mo ń fọ̀ ọ́. Inú omi yẹn náà ni mo ti ń fọ aṣọ ọmọ wa." Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Pe ọ̀gá yín wá. Mi ò kúrò níbí."

Ọ̀gá wọn dé, ó kí wa dáadáa, ó ní àwọn á gbé e yẹ̀ wò lọ́dún tó ń bọ̀.

"Lọ́dún tó ń bọ̀, èwo nínú wa ló máa kù?" ni mo bi í.

Gbogbo wa bá jókòó. Dírẹ́bà ilé-iṣẹ́ wa àtijọ́, tí òun náà wà lára wa, ní, "Ọ̀gá, bí mo bá jókòó báyìí, èèyàn mẹ́ta ló máa gbé mi dìde. Ẹ yáa tètè mú bírò."

Ọ̀gá náà mú bírò. Lọ́kọ̀ọ̀kan la ń sọ ohun tí a fi bo imú: àkísà, ìbọ̀sẹ̀, ọwọ́ lásán. Ó ń kọ ọ́ títí ọwọ́ fi ro ó.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a padà lọ. Wọ́n ti pààrọ̀ ìwé náà: "Àwọn òṣìṣẹ́ sọ pé àwọn kò rí ìbòmú gbà."

Mo kà á fún Màmá Télọ̀, mo rò pé inú rẹ̀ á dùn.

"'Wọ́n sọ pé' kẹ̀?" ó ní. "Ṣé àhesọ ni?"

Ọmọbìnrin tó ń mú wa kiri fi èékánná ṣí ìwé náà kúrò lára ògiri, ó mú òmíràn. "Ẹ máa sọ ọ́, mà, kí n máa kọ ọ́."

"Ilé-iṣẹ́ kò fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ìbòmú."

Ó kọ ọ́ gàdàgbà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Nígbà náà la tó wọ yàrá kẹrin.