Ààlè Lórí Ilé Yímíyímí

7.

…kò sì sí ẹni tó bẹ Bàbá Ògúnṣọlá níṣẹ́. Oore ni bàbá rò pé òun ń ṣe. Igún náà ṣoore, ó pá lórí.

(Ẹ má bi mí léèrè ìkíní sí ìkẹfà. Ọwọ́ mi ni wọ́n wà. Ó ń bọ̀, èyí tí mo bá rí.)

1.

Zulaikha nìyí: ọmọ Ọ̀yọ́, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún àṣekágbá, àdúgbò Under G ló gba yàrá sí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Yímíyímí ni pírójẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dá lé. Kì í ṣe èyí tó ń yí imí kiri bí ẹni ń ti táyà. Èyí tó ń gbẹ́lẹ̀ lábẹ́ imí gan-an ni, tó ń wọ́ ọ wọ ihò díẹ̀díẹ̀, tó ń yé ẹyin sínú rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé iṣẹ́ dókítà lọmọ òun ń kọ́.

2. Láti inú ìwé Zulaikha

Oko Bàbá Ògúnṣọlá, Ìkòyí-Ilé.
Òkìtì imí màlúù: 6.
Ọjọ́ tí wọn yóò lò: 14.
Lẹ́yìn náà: gbẹ́ ilẹ̀. Ka yímíyímí. Wọ̀n bí ihò ṣe jìn tó.
Wàhálà: ajá ń tú òkìtì. Ẹnìkan ti bu nínú ìkẹrin lọ fi ṣe ajílẹ̀.

5.

Zulaikha fẹjọ́ ajá àti ẹni tó bu imí sun bàbá olóko. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní kó lọ fọkàn balẹ̀.

8. Ohun tí bàbá so mọ́ igi létí oko

ìgbálẹ̀ tó ti gbó kù díẹ̀
ìkarahun ìgbín, òfìfo
ṣùkù àgbàdo mẹ́ta
aṣọ pupa

Ìtumọ̀: ẹni tó bá wọ ibí, kí ayé rẹ̀ rí báyìí. Ẹni tó pa ààlè nìkan ló lè tú u. Gbogbo Ìkòyí-Ilé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Zulaikha náà mọ̀ ọ́n. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Inú rẹ̀ dùn lọ́jọ́ náà, ẹ má jẹ́ kó parọ́ fún yín.

9.

Kò sẹ́ni tó bu imí mọ́. Àwọn darandaran kó màlúù wọn gba ẹ̀yìn odò. Ajá pàápàá rìn jìnnà, mi ò mọ ẹni tó sọ fún un.

Yímíyímí nìkan ni kò gbọ́.

10.

Ní ọjọ́ kejìlá nínú mẹ́rìnlá náà, bàbá ṣubú. Dámisí, ọmọ rẹ̀ obìnrin, wá láti Ọ̀yọ́, ó gbé e lọ sílé ara rẹ̀.

11. Wọ́sáàpù

DÓKÍTÀ ỌLỌ́RUNTÓBI, olùkọ́ tó ń bójú tó pírójẹ́ẹ̀tì náà: Zulaikha, iye kòkòrò dà? Fúráídè ni dìfẹ́ǹsì. Ẹni tí kò bá ní iye, ó di ọdún tó ń bọ̀.

ZULAIKHA: Ẹ má bínú sà. Wọ́n pa ààlè síbẹ̀. Ẹni tó pa á ti lọ sí Ọ̀yọ́.

DÓKÍTÀ: Ìwọ, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì? Wọlé, gbẹ́ ilẹ̀, ka kòkòrò.

ZULAIKHA: Ṣé ẹ lè bá mi débẹ̀, sà?

(Ó ti kà á. Ọjọ́ kan kọjá.)

DÓKÍTÀ: Mo ní ìpàdé.

12.

Mi ò tíì rí ìpàdé tó gùn tó bẹ́ẹ̀.

13.

Ní Àlàrùba, Zulaikha gbé ṣọ́bìrì dé etí oko. Ó ka Àyátùl-Kúrúsì, àdúrà ààbò inú Kùránì. Ó gbé ẹsẹ̀ sókè. Ó dá a padà. Ojú tì í. Nínú orí kejì ìwé rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ pé ohun tí a kò bá lè wọ̀n, kò sí.

14. Ohùn tó gbà sórí fóònù. Ilé Dámisí, Ọ̀yọ́. Àlàmísì.

ZULAIKHA: Ẹ kú ìsinmi, Bàbá. Ara ńkọ́?

BÀBÁ: A dúpẹ́. Ọmọ ta ni ọ́?

DÁMISÍ: Zulaikha ni, Bàbá. Ọmọ tó ń wo kòkòrò lóko yín.

ZULAIKHA: Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ bá mi tú ààlè yẹn. Ẹnu lásán náà tó, mo ń gbà á sílẹ̀.

BÀBÁ: Ààlè wo?

DÁMISÍ: Ti etí oko yín, Bàbá.

BÀBÁ: Ta ló pa ààlè sóko mi?

ZULAIKHA: Ẹ̀yin ni, Bàbá.

BÀBÁ: Èmi kọ́. Ṣùgbọ́n má fọwọ́ kàn án o, ọmọ mi. Ẹni tó pa á nìkan ló lè tú u.

15.

Dámisí sunkún lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Zulaikha náà sunkún, kì í ṣe nítorí ìwé nìkan.

17.

Jímọ̀, aago mẹ́jọ àárọ̀, etí oko. Aago mẹ́wàá ni wọn yóò pe orúkọ rẹ̀ fún dìfẹ́ǹsì ní Ògbómọ̀ṣọ́. Òkìtì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti wọlẹ̀ tán. Ilẹ̀ tẹ́jú bí ẹni pé nǹkan kan ò sí níbẹ̀ rí. Àwọn yímíyímí ti ṣe iṣẹ́ wọn pé, láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọlọ́kadà tó gbé e wá ń fọn fèrè lójú títì. Ó ń bi í bóyá yóò wọlé ni, àbí kí àwọn máa padà.