Ìdọ̀bálẹ̀ Tí Tírélà Bò

Lọ́dún 2007, òjò pa fóònù mi, láti ọjọ́ náà ni fídíò rẹ̀ kò ti gba ohùn sílẹ̀ mọ́. Kò dùn mí rárá. Láràárọ̀ ni mò ń jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ní Lotto, létí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí mo ń ya ohun tó bá ń lọ lójú títì: ọlọ́kadà, ewúrẹ́ onílé, ẹni tó ru omi. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré. N kì í gé e, n kì í tún un ṣe, inú mi a sì máa dùn ṣìnkìn.

Màámi a ní, "Nàfísàt, fídíò tí ò lè sọ̀rọ̀, kí ló fẹ́ sọ fún wa?"

Lọ́jọ́ kan, Màámi wọlé tìbínú-tìbínú. Wọ́n ní àwọn rí Mùsáfírù, wẹ́dà ará Ìwó tó fẹ́ fi ẹ̀gbọ́n mi Ọmọ́títí ṣe aya, níwájú ṣọ́ọ̀bù mi láàárọ̀.

"Kò dọ̀bálẹ̀. Ó dúró gbagidi lódìkejì títì, ó ń gbọn ẹ̀wù. Mi ò fún un lọ́mọ mọ́."

Mùsáfírù búra pé òun dọ̀bálẹ̀. Màámi ní irọ́ ló ń pa, wọ́n fàáké kọ́rí. Ẹ̀gbọ́n mi sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú.

Àfi bí ara mi ṣe ta gìrì: mo ya fídíò láàárọ̀ yẹn, ewúrẹ́ nìkan ni mo gbájú mọ́! Mo wò ó, mo fò sókè, mo sáré bá Màámi nílé ìdáná. Ayọ̀ pọ̀ débi pé èmi gan-an gbàgbé láti kúnlẹ̀.

Ewúrẹ́ onílé ló kọ́kọ́ yọ. Mùsáfírù, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi níhìn-ín, rí Màámi lódìkejì títì, ó na gbalaja sínú eruku. Kí Màámi tó yíjú, tírélà dé sáàárín àwọn méjèèjì, òmíràn tẹ̀ lé e. Ó ṣì wà nílẹ̀, ó ń retí kí wọ́n dá a lóhùn. Ìgbà tó dìde, tó ń gbọn eruku ẹ̀wù rẹ̀, ni tírélà tó kọjá tán.

"O ti gé nǹkan kúrò ńbẹ̀," Màámi ní.

"Màámi, ẹ wo ewúrẹ́ yẹn. Ó ń rìn lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò já níbì kankan."

Wọ́n ní kí n tún un fi han àwọn. Mo fi hàn wọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Lẹ́ẹ̀keje, bí Mùsáfírù ṣe na sílẹ̀, Màámi rọra fi ìka kan ẹ̀yìn rẹ̀ lójú fóònù.

"Káàárọ̀ o, ọkọ ọmọ mi," ni wọ́n wí. "Dìde nílẹ̀."