Òkúta Tí Àwẹ̀ró Jókòó Lé

Òkúta kan wà lẹ́yìn ilé ìdáná, ọmọ ọdún mẹ́rin ló jókòó lé e. Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀. Ó ń mi ẹsẹ̀ méjèèjì, ó ń rẹ́rìn-ín, oòrùn àárọ̀ ń dán lára rẹ̀ tí ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òrí pa.

Mosúnmọ́lá, ìyá rẹ̀, ló dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, kò lè wọlé, kò lè jáde. Òun ló kúkú fà á. Òun ló ń jí ọmọ láràárọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, tí wọ́n á lọ lúgọ sídìí ẹ̀gẹ́ ẹ̀yìn ilé, tí wọ́n á máa wo òkété abiyamọ tó ń kó ẹkùrọ́ wọ ihò. Á máa sọ sí i létí pé, wo etí rẹ̀. Wo irùngbọ̀n rẹ̀. Wo bó ṣe ń wẹ̀yìn, tó ń wọ̀tún, tó ń wòsì. Àwẹ̀ró á fọwọ́ bo ẹnu kí ẹ̀rín má baà bọ́.

Ṣé ọmọdé mọ nǹkan pa mọ́ ni? Lánàá ló fa bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ débẹ̀, ó ní kó wá wo ọ̀rẹ́ òun. Àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ta wá ni tòní yìí?

Inú Láwóyin, baba ọmọ, dùn dé ẹ̀yìn. Ó ki ọmọ rẹ̀, ó ní ojú rẹ̀ mú ju ti ọdẹ lọ, ẹni tó fi ihò hàn ló ni ẹ̀dọ̀. Ihò òkété kì í lẹ́nu ẹyọ kan; bí wọ́n bá ń fín in, ẹnìkan gbọ́dọ̀ dí ẹnu tẹ̀yìn. Láàárọ̀ yìí, ó yí òkúta dí i, ó gbé Àwẹ̀ró lé e, ó ní kó jókòó dáadáa kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ má baà sá lọ.

Lẹ́nu ihò tó kù, níbi tí Láwóyin wà, ata gbígbẹ ń jó. Imọ̀ ọ̀pẹ ń jó. Abẹ̀bẹ̀ ń lọ, abẹ̀bẹ̀ ń bọ̀, èéfín ń wọnú ilẹ̀ lọ.

Kó, kó, kó, lábẹ́ òkúta.

Àwẹ̀ró pariwo ayọ̀ pé Màámi, ó ń kanlẹ̀kùn!

Mosúnmọ́lá lanu. Kí ló fẹ́ wí? Ẹran ọbẹ̀ ni òkété. Láti kékeré lòun náà ti ń jẹ ẹ́, tó ń fa egungun rẹ̀ mu. Ó kórìíra ara rẹ̀ níbi tó dúró sí. Dìde, ọ̀rọ̀ kan péré, ì bá tó. Kò sọ ọ́.

Kó, kó. Lẹ́yìn náà, àwọn èékánná wẹ́wẹ́, púpọ̀, wàràwàrà. Ti àwọn ọmọ nìyẹn.

Kó.

Ó dákẹ́. Ẹsẹ̀ Àwẹ̀ró náà dákẹ́. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi etí lé òkúta, ó dúró, ó dúró. Ó wá di ọwọ́ rẹ̀, ó rọra ń kan òkúta, ó ní kó ṣílẹ̀kùn, òun ni.

Kò, kò, kò.