Àárọ̀ Tí Attracta Padà Sẹ́yìn Ajá Ọdẹ

Apá òsì Attracta Hession dé ìdajì ọ̀nà, ó kọ̀, kò gòkè mọ́. Ó dúró níwájú dígí kékeré tó wà nínú ilé ìdáná, táì aláwọ̀ ilẹ̀ ń fì lọ́rùn rẹ̀, ó sì ń gbìyànjú láti yí kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bò ó. Èjìká tó kán nínú oṣù kejì, nígbà tó ṣubú lórí ẹṣin, gún un bí abẹ́rẹ́. Fintan, ọkọ rẹ̀, jókòó ti ife tíì rẹ̀.

"Ṣé kí n bá ọ ṣe é?"

"Jókòó síbẹ̀."

"Mo jókòó náà. Mo kàn béèrè ni."

Attracta fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn pé ọjọ́ tí òun bá dá aṣọ wọ̀ tán lòun máa tó tún gun ẹṣin tẹ̀lé ajá ọdẹ láti lé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún gba iṣẹ́ ọwọ́ òsì ṣe títí kọ́là fi jókòó.

Oṣù kẹwàá ni. Kóòtù dúdú àti aṣọ funfun tí wọ́n ń wé mọ́ ọrùn di oṣù kọkànlá, nígbà tí ọdẹ bá di ọdẹ gidi. Ní irú àárọ̀ báyìí, kóòtù tí wọ́n fi irun àgùntàn hun, táì lásán àti bàtà tó dé orúnkún ti tó. Aṣọ ìrọ̀rùn ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọ̀ ọ́ ní wúruwùru á gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu Ọ̀gá ọdẹ.

Kóòtù tirẹ̀ ti lọ. Àwọn tó wá fi ọkọ̀ gbé e nínú pápá ló fi àlùmọ́gàjí gé e kúrò lára rẹ̀. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà kò pàdé níwájú, nítorí ẹ̀wù ààbò tó wọ̀ sábẹ́ rẹ̀, ẹ̀wù tó nípọn bí tìmùtìmù, tí kì í jẹ́ kí egungun ẹni tó bá ṣubú tètè kán. Láti kékeré ló ti ń gun ẹṣin láìwọ irú rẹ̀. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i.

Fintan dìde. Ó mú kóòtù tí òun máa ń wọ̀ lọ sí ọjà màlúù wá, ó gbé e kọ́ ẹ̀yìn àga. Attracta wọ̀ ọ́. Ó bo ẹ̀wù ààbò náà pátápátá.

"Ògiri kan," Fintan wí. "Ìwọ lo sọ ọ́."

"Ògiri kan. Bí mi ò bá lè fò ó, kí Gráinne wá mú Biddy lọ lọ́la."

Gráinne ni ọmọ ẹ̀gbọ́n Fintan. Biddy ni abo ẹṣin aláwọ̀ eérú tó wà nínú ọgbà, tó ti ń yí po lójú kan láti ìgbà tí Attracta tó ni ín ti ṣubú.

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa nígbà tí àwọn tó fẹ́ ṣọdẹ pàdé lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó. Dympna Glynn tí wọ́n jọ ń gun ẹṣin láti ilé ìwé lanu, ó pa á dé, ó tún là á.

"Attracta! Ṣé kóòtù Fintan nìyẹn, àbí Fintan fúnra rẹ̀ lo kó sínú rẹ̀?"

"Ó wà nínú àpò. Má jẹ́ kó gbọ́ ọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Gráinne fi ẹsẹ̀ méjèèjì ta ẹṣin àgbà tó háyà, ó sún mọ́ wọn. "Ẹ káàbọ̀, Àǹtí! Èyí tí mo gùn yìí, bí ẹni ń ti ọkọ̀ tó kú ni." Ó ń sọ̀rọ̀ sí Attracta, ṣùgbọ́n Biddy ló ń wò.

Colman Fahy, Ọ̀gá ọdẹ, ní kí Attracta dúró ní igun igbó, kó máa fi pàṣán lu bàtà rẹ̀, kí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ má baà gba ibẹ̀ jáde. Ó dúró. Ó ń lù ú. Kò pẹ́, ajá kan pariwo, gbogbo wọn gbà á, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ sì já síta ní apá kejì. Àwọn ẹṣin sáré tẹ̀lé wọn, wọ́n fo ògiri òkúta lọ́kọ̀ọ̀kan: Dympna, àwọn mìíràn, Gráinne lẹ́yìn pátápátá, tó ń bú ẹṣin rẹ̀.

Ògiri náà kò ga ju ìgbànú ènìyàn lọ. Biddy ń gbọ̀n lábẹ́ Attracta, kì í ṣe ti òtútù. Attracta dá a dúró títí ó fi rò pé kò sí ẹni tó lè rí wọn mọ́. Lẹ́yìn náà ló tú ìjánu sílẹ̀ fún un.

Biddy gbéra. Afẹ́fẹ́ fẹ́, ilẹ̀ dé, ilẹ̀ náà sì rọ̀. Ó ti fò ó.

Ìgbà náà ni Attracta la ojú.

Ó dá ẹṣin dúró. Kò mọ ìgbà tó di ojú náà. Kò rí òkúta, kò rí ibi tí ẹsẹ̀ Biddy máa bà. Ẹranko náà nìkan ló ríran fún àwọn méjèèjì. Bí ihò bá wà lódìkejì ńkọ́?

Colman gba ojú géètì wọ inú pápá, ó ń bọ̀ jẹ́jẹ́ lórí ẹṣin rẹ̀.

"Ó dàárọ̀ o, Ọ̀gá," Attracta wí. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ni, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é níbẹ̀: ìgbà yòówù tí ènìyàn bá ń fi ọdẹ sílẹ̀, ó dàárọ̀ ló ń wí.

"Kí ló dé? O ṣẹ̀ṣẹ̀ fò ó ni. Mo rí yín láti ojú géètì. Òkúta kan ò bọ́."

"Biddy ló fò ó, Ọ̀gá."

Ọkùnrin náà fọwọ́ kan etí fìlà rẹ̀. "Ó dàárọ̀, Attracta. Bá mi kí Fintan."

Ó gba títì lọ sílé, ẹsẹ̀ Biddy ń dún lórí ọ̀dà. Bó bá dé ilé, tó sọ pé òun fo ògiri kan, kò parọ́, Fintan á sì gbà á gbọ́. Ìwo ọdẹ dún lókèèrè. Etí Biddy méjèèjì yí síbẹ̀, ọrùn rẹ̀ tẹ̀ lé e, àfi ìgbà tí Attracta fa ìjánu kó tó máa lọ.

Ó wo irin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú rẹ̀, àti awọ tó gbé e kọ́ gàárì. Ẹsẹ̀ Gráinne gùn ju tirẹ̀ lọ. Kí ó tó gun Biddy lọ́la, wọ́n á ní láti sọ awọ náà kalẹ̀ ní ihò méjì, bóyá mẹ́ta.