Àwọn Tó Ń Gbé Inú Hàmdálátù

Wúlẹ̀mọ̀tù fún kápúsù pupa-àti-yẹ́lò náà lọ́rùn, ó ya sí méjì, ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sì dà wìì sínú ife omidùn. Ó fi ṣíbí rò ó. Ó wò ó, ó tún un rò, ó ń ṣe sàláátù lábẹ́ ahọ́n. Ìgbà tó máa yíjú padà, Hàmdálátù ọmọ rẹ̀ ló bá lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, búùtà àlùwàlá lọ́wọ́, tí omi ń dà sí i lẹ́sẹ̀ tí kò mọ̀.

"Màámi, kí lẹ dà sí i?"

"Sínú kí ni?"

"Sínú omi tí mò ń mu láràárọ̀. Ojú mi ò fọ́ o, Màámi."

Ìyá ò wárìrì. Ẹni tó ti ń bá àwọn ará Sábó nájà gbàǹja látìgbà tí kò tíì hu ọmú, ojú ọmọ ẹ̀ ni yóò wá bà á lẹ́rù? Ó sọ èèpo kápúsù sínú ààrò. "Oògùn ni. Àbí májèlé lo pè é?"

Májèlé gan-an ni Hàmdálátù pè é nínú ọkàn rẹ̀.

Tòótọ́ ni pé ọmọ kápúsù ni òun náà tẹ́lẹ̀. Bí inú rẹ̀ bá kùn báyìí, kápúsù. Bó bá jẹ ẹ̀wà tó wú u, kápúsù. Bó ṣe gbé e mì fún ọ̀pọ̀ ọdún nìyẹn, láìbi dókítà léèrè, títí inú fi kọ̀ tí kò gba oúnjẹ mọ́. Á wà níwájú pátákó, á máa kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, ìgbẹ́ gbuuru á dé, á fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, á sì fẹsẹ̀ fẹ. Àwọn ọmọ sọ ọ́ ní Tíṣà Eré-Ìje. Ní ìparí sáà tó kọjá, ẹni tó ni ilé ìwé náà ní kó lọ tọ́jú ara rẹ̀. Bí wọ́n bá wọlé tí inú yẹn ò bá tíì jókòó, òun á gba ẹlòmíràn. Ọ̀tunla, ọjọ́ Ajé, ni wọn yóò wọlé.

Ellen, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, tó ń la àwọn aláìsàn lọ́yẹ̀ nípa oúnjẹ ní ilé ìwòsàn kan n'Ìkẹ́nnẹ́, ló ṣí i lójú. Ó ní àwọn ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín kan ń gbé nínú ìfun wa tí wọ́n ju gbogbo èèyàn Rẹ́mọ lọ, ọ̀pọ̀ wọn ò sì bá wa ṣọ̀tá. Wọ́n ń bá wa da oúnjẹ tí agbára wa ò ká, wọ́n ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. "Kápúsù ò mọ olè yàtọ̀ sí onílé, Hàmdá. Tó bá ti wọlé, gbogbo àdúgbò ló ń sun. Àfi tí dókítà bá ní ó di dandan." Ó ní kó bọ́ wọn: ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àbọ̀pọ́n, gààrí tó kan dáadáa, àti omidùn orí ògì tí iná ò fọwọ́ kàn. Kó sùn. Kó máa rìn. Kó má fi inú bíbí jẹun láé. Ellen kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, Hàmdálátù a máa gbààwẹ̀ Ajé àti Ọjọ́bọ̀; àwọn méjèèjì a máa fi rẹ́rìn-ín pé inú náà ń fẹ́ ìsinmi tirẹ̀. Hàmdálátù gba ọ̀rọ̀ náà bí ìjọsìn. Bó bá gbé ife omidùn, á dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí àwọn àlejò tí ojú rẹ̀ ò rí.

Inú ò sì san. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Hàmdálátù wọ Ìkẹ́nnẹ́ lọ, tó dúró lójú gbogbo aláìsàn, tó nawọ́ sí Ellen: "Ìwọ ẹlẹ́fọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ Sátidé, irọ́ lo fi ń jẹun!"

Ellen yíjú sí aláìsàn tó kàn.

"Mo bú ọ̀rẹ́ mi, Màámi," ni Hàmdálátù wí lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. "Mo padà wálé wá ròyìn fún yín. Ẹ jókòó síbẹ̀, ẹ ń ṣa obì, ẹ ní ó tọ́ sí i!"

"Ó sì tọ́ sí i. Ta ló rán an pé kó máa sin nǹkan abẹ̀mí sínú ọmọ ọlọ́mọ? Láti kékeré ni mo ti wà nídìí obì. Ohun tó bá ń mí nínú ohun rere, jíjẹ ló ń jẹ ẹ́. Mi ò tíì rí kòkòrò tó wọnú obì láti wá bá a gbálẹ̀!"

Ìgbà mìíràn, Hàmdálátù ì bá ti rẹ́rìn-ín.

"Inú yìí ń pa mí, ẹ sì ń wò mí."

"Èmi!" Wúlẹ̀mọ̀tù sún wá síwájú. "Nígbà tí onígbáméjì jà ládùúgbò wa l'Ófin, ta ló gbé ẹ̀yin méjèèjì pọ̀n? Kí n tó rí kápúsù yìí rà, Tájù ti lọ. Ìwọ ni mo fún, ìwọ lo ṣẹ́ kù. Ọmọ wo ni Ellen ti sin rí?"

Orúkọ Tájù, ọmọ ìyá rẹ̀ tó kú, ò wáyé nínú ilé yẹn bẹ́ẹ̀ rí. Hàmdálátù gbé ife omidùn náà. Ó da ife náà nù sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó fa híjáàbù rẹ̀ wọ̀, ó wọ ọkọ̀ Ìkẹ́nnẹ́. Jálẹ̀ ọ̀nà ló ń rò ó: kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló ń gbé.

Àwọn olùjọsìn ń tú jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tó dé. Ellen rí i, ó fi Bíbélì há abíyá, ó fà á lọ sábẹ́ igi máńgòrò.

"Ellen, forí jì mí. Omidùn ẹ ò ní ẹ̀bi. Kápúsù ni Màámi ń dà sínú ẹ̀ fún mi mu."

Ó dúró kí Ellen pariwo. Bàtà ara rẹ̀ ni Ellen ń wò.

"O mọ̀," ni Hàmdálátù wí.

"Màámi pè mí nígbà kan pé ṣé kápúsù lè bá omidùn rìn. Mo ní rárá, kí wọ́n jáwọ́. Wọ́n fi Ọlọ́run bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún ẹ. Mo rò pé wọ́n ti jáwọ́."

"Ọjọ́ tí mo wá bú ẹ ńkọ́?"

"Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé wọn ò jáwọ́."

"O sì dákẹ́!"

"Kí ni kí n wí, Hàmdá? Kí n ní ìyá ẹ ló ń ṣe ẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni! Kí o là á mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀! Inú mi lẹ jọ ṣèpàdé lé lórí, ẹ ò pe èmi tí mo ni ín!" Àwọn alágbà yíjú wò wọ́n. Kò kàn án. "Ẹ̀bẹ̀ ni mo gbé wá. Mo ń gbé e padà lọ sílé."

"Bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun," Ellen ń tẹ̀ lé e, "ó máa pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ohun ẹlẹ́mìí yẹn máa ń padà wá tí a bá bọ́ wọn..."

"Ṣé wọ́n á ti dé lọ́jọ́ Ajé?"

Ellen dúró níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun Àsárì ni Hàmdálátù wọlé. Òórùn ìkókóre ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀, èyí tó gbóná, tó ní ẹja gbígbẹ nínú, irú èyí tí ìyá rẹ̀ kì í sè àfi lọ́jọ́ ọdún. Wúlẹ̀mọ̀tù gbé àwo síwájú rẹ̀, ó sì jókòó sórí àpótí, ó ká ọwọ́ rẹ̀ tí obì ti pa láró sáàárín itan.

Ebi ń pa Hàmdálátù. Ó mú ṣíbí. Kó tó mọ̀, ó ti ń fi ẹnu ṣíbí náà tú oúnjẹ wò, ó ń ṣí i lápá ọ̀tún, ó ń ṣí i lápá òsì, ó ń wá ìyẹ̀fun kápúsù. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Oúnjẹ tí ìyá rẹ̀ bá gbé ka iwájú rẹ̀, nínú òkùnkùn pàápàá ló ń jẹ ẹ́.

Ó gbójú sókè. Ìyá rẹ̀ ti rí i.

Wúlẹ̀mọ̀tù na ọwọ́, ó gba ṣíbí náà lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó bu oúnjẹ láàárín gbùngbùn àwo, ó fi sẹ́nu, ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì kí ọmọ rẹ̀ rí i. Lẹ́yìn náà ló nu ṣíbí sí etí ìró rẹ̀, ó sì dá a padà.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn wá nìyẹn, ẹni tí kò mọ olóúnjẹ rí. Kò sí ìyá tó ń tọ́ oúnjẹ wò fún ọmọ tó bí.

"Bísímílà," ni Hàmdálátù wí.

Ó jẹun. Ó tilẹ̀ dúpẹ́ nígbà tó jẹ ẹ́ tán, pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́, bí àlejò ṣe ń dúpẹ́.