Ẹnu Ìyàwó Dókítà Eyín

Bí ẹ bá ń wá ọkùnrin tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun mọ gbogbo ohun tó wà lẹ́nu ìyàwó òun, èmi ni. Eyín méjìlélọ́gbọ̀n, mo mọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọmọ ìyá. Dókítà eyín ni mí. Láti ọdún mọ́kàndínlógún tí a ti ṣègbéyàwó, kò sí ọwọ́ míì tó wọ ẹnu yẹn rí.

Ohun tí mo ń wí fún aláìsàn tó lanu sílẹ̀ níwájú mi nìyẹn tí fóònù fi dún. Ọmọbìnrin wa ni, láti ilé ìwòsàn.

"Dádì, ẹ máa bọ̀! Ètè Mọ́mì ti búlúù bí ẹni mu tàdáwà!"

Mo débẹ̀ tòun tìbọ̀wọ́. Ojú ìyàwó mi dà bí eérú lábẹ́ ìbòmú ọ́síjìn. Ẹ̀rọ tó ń wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n fi há a lọ́mọ ìka, ń ka márùndínláàádọ́rùn-ún, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kó lé ní márùndínlọ́gọ́rùn-ún. Wọ́n fi kún ọ́síjìn, ẹ̀rọ ò mì.

Dókítà pàjáwìrì, obìnrin kékeré tí mo lè bí lọ́mọ, kán ẹ̀jẹ̀ ìyàwó mi sórí báńdéèjì funfun. Kò pọ́n. Ó rí bíi ṣokoléètì tó yọ́.

"Ọ́síjìn wà, ẹ̀jẹ̀ ni kò gbé e mọ́. Oògùn ló máa ń ṣe é báyìí. Sà, ṣé ẹnikẹ́ni fín oògùn sí wọn lérìgì, irú èyí tí kì í jẹ́ kéèyàn mọ ìrora?"

Mo bú sẹ́rìn-ín. "Ẹnu ta ni? Ẹ wo ọkàn, ẹ wo ẹ̀dọ̀fóró jàre!"

"Ó dá yín lójú?"

"Mo fi ìwé ẹ̀rí mi búra."

Ìbúra yẹn ló jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ ya àwòrán àyà. Nígbà tí wọ́n gbé e dé, wọ́n pè é, kò dáhùn mọ́. Dókítà kò bi mí ní nǹkan kan. Ó ká ètè ìyàwó mi sókè, ó sì fa òwú kan jáde.

"Òwú ta wá nìyí, sà?"

Wọ́n ká òwú náà bí ẹní. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń ká a bẹ́ẹ̀: ọ̀rẹ́ mi, dókítà eyín tí ògiri kan péré wà láàárín yàrá iṣẹ́ wa, tí àwọn aláìsàn ń pè ní Ọlọ́wọ́-Ẹ̀sọ̀. Ìyàwó mi yọ́ kọjá lẹ́nu ọ̀nà mi, ó lọ lanu fún un!

Dókítà bi èmi àti ọmọ mi bóyá ìdílé ìyàwó mi ní àìsàn ẹ̀jẹ̀, torí oògùn tó fẹ́ fi wò ó kì í bá irú ẹ̀jẹ̀ kan mu. Ọmọ mi ní rárá. Ni wọ́n bá rọra ń fa oògùn aláwọ̀ búlúù sójú iṣan rẹ̀. Búlúù, fún ẹni tó ti búlúù! Iye tí ẹ̀rọ ń kà kọ́kọ́ já wálẹ̀, àyà tèmi bá a já. Ó wá ń gòkè, díẹ̀díẹ̀, títí ètè fi pọ́n.

Ọlọ́wọ́-Ẹ̀sọ̀, tí a ti ránṣẹ́ pè, já wọlé, ó ń làágùn.

"Ìyàwó wa ló ní n má sọ. Wọ́n ní ọwọ́ ìwọ ọkọ wọn le bíi ti bíríkìlà."

"Ẹ̀ẹ̀melòó lo fín in?"

"Bíi mẹ́jọ. Mi ò fẹ́ kó dùn wọ́n rárá ni."

"Ọ̀dàlẹ̀!"

Ìyàwó mi lajú. A sáré bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, àwa méjèèjì. Ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó wo ọ̀rẹ́ mi.

"Eyín tó ń dùn mí kọ́ lẹ yọ."