Aṣọ Òkú Lára Màmá Kinue

"Ta ló wọ aṣọ òkú fún màmá mi?"

Ohùn Tadao gba yàrá ìjẹun ilé ìtọ́jú arúgbó náà kan. Wulan, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ de ọ̀já mọ́ Màmá Kinue nídìí tán, ò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí. Inú rẹ̀ ń dùn ni. Láti ìgbà tó ti ti Indonéṣíà wá ṣiṣẹ́ ní ìlú kékeré Jàpáànù yìí, àárọ̀ yìí tó jẹ́ ọjọ́ ọdún Obon, tí tọmọdé tàgbà ń wọ yùkátà, aṣọ gígùn tó ṣí níwájú, ni ìyá náà kọ́kọ́ gbà kó fọwọ́ kan òun.

Ọmọ náà mọṣẹ́, ká má purọ́. Ó lè gbé arúgbó nílẹ̀ kí egungun kankan má dùn ún. Ṣùgbọ́n etí aṣọ apá ọ̀tún ló fi bo tòsì, òkú nìkan ni wọ́n sì ń wọ yùkátà fún bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá ilé náà sáré tẹrí ba. "Ẹ má bínú, sà. Àlejò ni, kò mọ̀ ni."

"Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn! Mò ń mú Màmá lọ lónìí."

"Lọ síbo?" ni Màmá Kinue bi í.

"Sílé mi, Màmá."

"Ta ni yóò máa gbé mi wọ balùwẹ̀ níbẹ̀? Ìwọ tó ò ń fi ọ̀pá rìn?"

Tadao náà ti lé ní àádọ́rin ọdún, ìyàwó rẹ̀ sì ti kú. Wọ́n ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òkété tí ọmọ tirẹ̀ náà ti hewú ńkọ́?

Wulan ti wà lórí ìkúnlẹ̀, omijé lójú. "Ẹ foríjì mí, Màmá."

"Dìde, jàre. O kàn yára díẹ̀ ni." Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó na apá méjèèjì. "Tú u. Jẹ́ kí tọ̀tún kọ́kọ́ wà nísàlẹ̀, kí tòsì wá bò ó. Ẹ̀n-ẹ́n."

Wulan tún un wọ̀ fún un pẹ̀lú sùúrù, ó sì fọwọ́ pa ọrùn aṣọ náà títí ó fi tẹ́. Màmá Kinue gbá a lẹ́rẹ̀kẹ́ pẹ́pẹ́.

"Ó dáa. Lọ́jọ́ tí mo bá kú, kó o wọ̀ ọ́ fún mi bó o ṣe kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ yẹn. Ìwọ ni o, mi ò fẹ́ ẹlòmíì."

Tadao gbọ́ ọ. Iṣẹ́ ọmọ bíbí inú ni ìyá rẹ̀ ń bẹ Wulan yẹn. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó fi di ọ̀pá mú, ó wo ti ọmọ Indonéṣíà náà, ó sì rọra tẹrí ba fún un.